Alhaja Humuani Alága: Oníṣòwò Aṣọ Tí Ó Ṣílẹ̀kùn Ẹ̀kọ́ fún Ọmọbìnrin

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí ó yẹ kí a máa rántí nínú àdúà ni Alhaja Humuani Alága ti Ìbàdàn. Òwò aṣọ ni ó ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ kò ka ìwé òyìnbó, ṣùgbọ́n ó mọ iyì ẹ̀kọ́. Ní ayé ìgbà náà, àwọn ìjọ ni ó ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama. Wọ́n kọ̀ láti gba ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé nítorí pé Mùsùlùmí ni. Ní ọdún 1958, òun àti àwọn obìnrin Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀. Ní 1964, ilé-ìwé girama wọn fún àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́pè Ọlọ́hun ní 1993, iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú.

Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkọ̀tún dé Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò, a ń rí ọmọ tí ń kiri ọjà ní àkókò ẹ̀kọ́ nítorí àìní. Àánú orí ahọ́n kò lè rán wọn ní ilé-ìwé. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká ọmọ kan, kí ó gbé e. Ẹni tí kò ká, kí ó bá ẹlòmíràn dá a. Sàdákátù járíyà ni. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ìyá wa, kí Ó sì gbà á ní iṣẹ́ rere. Àmín.