Carl Gustav Jung, Awádìí Ìsàlẹ̀ Ọkàn

Ẹni tí yóò ṣe olùkọ́ kò lè fi ìwé nìkan ṣe é. Ó yẹ kí ó mọ ọkàn ọmọ tí òun yóò kọ́. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ sọ díẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìtàn Carl Gustav Jung, oníṣègùn tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí ohun tí ó pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkàn ènìyàn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù July, ọdún 1875, ni a bí i ní Kesswil, ìletò kan lẹ́bàá adágún ní ilẹ̀ Switzerland. Àlùfáà ìjọ ni baba rẹ̀, kò sì ní ọrọ̀. Nígbà tí Jung di ọmọ ọdún 12, ọmọkùnrin kan tì í ṣubú ní ìlú Basel, ó sì fi orí lu òkúta ẹ̀bá ọ̀nà. Bí ó ti wà nílẹ̀, èrò kan sọ sí i lọ́kàn pé òun bọ́ lọ́wọ́ ilé-ìwé nìyẹn. Láti ìgbà náà, nígbàkúùgbà tí a bá ní kí ó lọ sí ilé-ìwé tàbí kí ó kàwé, dídákú ni yóò dákú. Àwọn oníṣègùn kò mọ ìdí àìsàn náà; ó sì jókòó sílé ju oṣù 6 lọ.

Ní ọjọ́ kan ó gbọ́ tí baba rẹ̀ ń sọ fún àlejò pé ìwọ̀nba owó tí òun ní ti tán, òun kò sì mọ bí ọmọ yìí yóò ti ṣe rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó gbé ìwé, ó jókòó tì í. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àìsàn náà dé sí i lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò fi ìwé sílẹ̀, títí àìsàn náà fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó ń díbọ́n tẹ́lẹ̀. Ó dákú ní tòótọ́. Apá kan ọkàn rẹ̀, tí òun pàápàá kò mọ̀, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Basel, ní ọdún 1900 ó sì lọ sí Burghölzli, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Zürich, lábẹ́ Eugen Bleuler. Níbẹ̀ ni ó ti máa ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí aláìsàn létí, tí ẹni náà yóò fi ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn dáhùn, tí Jung yóò sì máa fi aago wọn àkókò ìdáhùn náà. Níbi tí aláìsàn bá ti lọ́ra tàbí tí ó bá kólòlò, níbẹ̀ ni Jung ń wá ọgbẹ́ tí ó pamọ́ sí.

Ní ọdún 1907 ó lọ bá Sigmund Freud ní Vienna. Nǹkan bí wákàtí 13 ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àkọ́kọ́ wọn. Freud fẹ́ fi í ṣe àrólé, ṣùgbọ́n Jung kò gbà pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ni ó wà nídìí ohun gbogbo tí ń dààmú ọkàn. Wọ́n sì pínyà ní ọdún 1913. Lẹ́yìn èyí, àlá àti ìran abàmì yí i ká. Ó ń kọ wọ́n, ó sì ń ya àwòrán wọn sínú ìwé ńlá kan tí a fi awọ pupa dì, èyí tí a kò tẹ̀ jáde títí di ọdún 2009.

Nínú wàhálà yìí ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti dàgbà. Ó ní lábẹ́ ohun tí olúkúlùkù ti gbàgbé, ibi jíjìn mìíràn wà nínú ọkàn tí gbogbo ènìyàn jọ jogún. Àwọn àwòrán ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ó wà níbẹ̀: ìyá, àgbà ọlọ́gbọ́n, akọni, ẹlẹ́tàn tí ó jọ Ìjàpá inú àlọ́ wa, àti òjìji, èyí tí í ṣe ìwà tí a kò fẹ́ gbà pé ó jẹ́ tiwa. Ìdí rẹ̀ nìyí, lójú Jung, tí ìtàn àwọn ẹ̀yà tí kò mọ ara wọn rí fi jọra. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ni ó gba èyí, nítorí ó ṣòro láti fi ẹ̀rí dì í mú.

Òun náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ òjìji tirẹ̀. Ní ọdún 1933, nígbà tí Hitler gba àkóso Jámánì, Jung gba ipò olórí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn kan níbẹ̀. Ohun tí ó sì kọ nípa àwọn Júù ní ọdún 1934 di àbùkù tí kò kúrò lára orúkọ rẹ̀. Ó kú ní Küsnacht ní ọjọ́ 6 oṣù June, ọdún 1961, ní ẹni ọdún 85.

Ikùn ọmọ aráyé jìn. Ní ọjọ́ iwájú, bí ọmọ kan bá ń ṣàìsàn nígbàkúùgbà tí ìṣirò bá kàn, kí á tó na ọwọ́ sí pàṣán, ẹ jẹ́ kí á rántí ọmọkùnrin Basel. Ẹ jẹ́ kí á sì rántí pẹ̀lú pé àánú nìkan kọ́ ni ó wò ó sàn, bí kò ṣe òtítọ́ tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀.