Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ wa

Ẹ wọ mọ́tò láti Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì, kí ẹ wá ka iye àwọn tó máa sáré tẹ̀lé yín pẹ̀lú búrẹ́dì lórí. Bí mọ́tò bá ti dúró díẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n tàbí Arámọkọ, búrẹ́dì ti wọlé látojú fèrèsé nìyẹn. Ta ni kì í ra méjì lọ sílé? A ti sọ ọ́ di tiwa débi pé a kì í béèrè ẹni tó mú un débí.

Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ ká béèrè ni Amos Stanley Wynter Shackleford. Jàmáíkà ni wọ́n ti bí i ní 1887, ọdún kan náà tí wọ́n bí Marcus Garvey ní erékùṣù yẹn. Ẹ fi orúkọ Garvey sọ́kàn, a ṣì máa padà sí i.

Iṣẹ́ rélùwéè ni Shackleford ń ṣe nílé. Ní 1913 ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Nàìjíríà, ó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọdún 3 láti ṣe akọ̀wé fún rélùwéè ìjọba. Iṣẹ́ ìjọba, owó oṣù tó dájú: ta ló máa fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí? Òun fi í sílẹ̀. Ó bá ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan l'Ékòó ṣiṣẹ́, nígbà tó sì di 1921 ó dá ilé búrẹ́dì tiẹ̀ sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ mú búrẹ́dì wá o. Àwọn Sàró àtàwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil ti ń jẹ ẹ́ l'Ékòó kí wọ́n tó bí i. Ohun tí òun sọ di bárakú níbí ni ẹ̀rọ: irin róbótó méjì tó ń yí, tí wọ́n ń ki fúláwà pípò bọ àárín wọn. Á jáde pẹlẹbẹ, wọ́n á ká a, wọ́n á tún ki í bọ̀ ọ́, ó di ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹ̀rọ yẹn ṣì wà ní ilé búrẹ́dì àdúgbò yín. Òun ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì wa ki, kó rọ̀, kó sì máa fà bí ẹ bá ń ya á. Èyí tó ní ihò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ nínú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo fojú ara mi rí iṣẹ́ yẹn ní Arámọkọ, ní Kérésì kan. Àwọn ọmọ ilé rí àwòrán lórí fóònù: búrẹ́dì onírìísí ìràwọ̀ tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ bí abọ́, ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní dandan ni, àti pé ẹ̀wà ni tiwa máa gbà. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí ófúùnù. A po ìlàjì kílò fúláwà pẹ̀lú yíìsì ṣíbí kékeré kan, iyọ̀, ṣúgà, bọ́tà díẹ̀ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Màmá wa ní ká fi ìgò yí i mọ́lẹ̀ kó pẹlẹbẹ, ká ká a, ká tún yí i, ó tó ìgbà 20. Apá ń ro wá! Lẹ́yìn tó wú tán, a fà á ní ẹnu ṣóńṣó márùn-ún. A da yanrìn sísàlẹ̀ ìkòkò ńlá, a gbé páànù búrẹ́dì lé e, a kó ẹyin iná sórí ìdérí. Nígbà tó tutù a gé orí rẹ̀, a gbẹ́ inú rẹ̀, a bu ẹ̀wà sí i. Epo kò jò títí wọ́n fi jẹ abọ́ náà gan-an tán. Yíyí ìgbà 20 yẹn ló fà á, iṣẹ́ tí irin méjì Shackleford ń ṣe láìrẹ̀ ẹ́. (Ní Durban ní Gúúsù Áfíríkà, ọbẹ̀ kọrí ni wọ́n ń bu sínú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀. Bunny chow ni wọ́n ń pè é.)

Ká padà sọ́dọ̀ Garvey. Ní 1920 ẹgbẹ́ rẹ̀, UNIA, ní ẹ̀ka l'Ékòó, Shackleford sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ yẹn ń sọ ni pé kí aláwọ̀ dúdú ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀, kó má ṣe ọmọ iṣẹ́ òyìnbó títí ayé. Inú ìjọba amúnisìn kò dùn sí i rárá. Garvey ra ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dé Áfíríkà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà sì dẹnu kọlẹ̀ ní 1922. Ní tèmi o, búrẹ́dì Èbúté Mẹ́ta ṣe nínú ìpolongo yẹn ohun tí ọkọ̀ ojú omi kò lè ṣe. Aláwọ̀ dúdú ló ni ín, aláwọ̀ dúdú ló ń tà á, ó sì gbòòrò débi pé wọ́n sọ Shackleford ní ọba búrẹ́dì Nàìjíríà.

Mi ò ní torí ẹ̀ sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Fúláwà òkè òkun ni gbogbo òwò yẹn dúró lé. Ní Ìjerò àti Arámọkọ, níbi tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ gan-an, mo mọ àwọn àgbà tó ka búrẹ́dì sí ìpanu aláìsàn àti ọmọdé, wọn ò sì jìnnà sí òótọ́. Ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ ńlá tó ń lọ àlìkámà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àpápá, àlìkámà náà sì tún ń bọ̀ láti òkèèrè.

Shackleford ti kú ní 1954. Agége, ìlú tó wà lójú ọ̀nà rélùwéè tó bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà kan, ló gba orúkọ búrẹ́dì náà. Mo ti ra búrẹ́dì láti Èbúté Mẹ́ta dé Ìjerò, mi ò tíì rí ọ̀rá kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀.