Láti Ẹ̀yìn Màlúù Dé Ojú Irin: Ìtàn Ìgbésí Ayé George Stephenson

Èmi ni ó kàn ní tẹ́ẹ̀mù yìí láti kọ ìtàn ẹni ńlá kan tó ti kú tipẹ́ sára pátákó wa. Mi ò mú ọba, mi ò mú olóṣèlú. Oníṣẹ́ irin ni mo mú. Ní gbogbo gúúsù Èkìtì wa yìí, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Emùré, kò sí ojú irin kankan, èmi gan-an ò sì tíì wọ rélùwéè rí. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí fi wọ̀ mí lára.

Ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 1781 ni wọ́n bí George Stephenson ní abúlé Wylam, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ èédú ni iṣẹ́ ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń koná ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nínú ihò èédú. Owó tó ń gbà kò tó nǹkan, nítorí náà George ò rí iléèwé lọ. Iwájú ilé wọn gan-an ni ọ̀nà kan gbà kọjá tí wọ́n fi igi tẹ́, tí ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ èédú lórí rẹ̀ lọ sí etí odò. Ẹ má rò pé ti ìjọba ni o. Olówó tó ni ihò èédú ló ni ọ̀nà. Bí igi bá jẹrà, bí kẹ̀kẹ́ bá dojú dé, kò sí ẹni tó máa wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba wá bi í léèrè. Ó tún un ṣe tó bá wù ú.

Iṣẹ́ tí George kọ́kọ́ ṣe láyé, màlúù ló ń dà. Opó kan ló gbà á ní pẹ́ńsì 2 lóòjọ́ pé kó máa lé màlúù kúrò lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ èédú, kó sì máa ti géètì lálẹ́. Àwa tí a mọ ohun tí màlúù lè fà lójú títì Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́, a mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe eré ọmọdé.

Nígbà tó pé ọdún 18, kò tíì lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alẹ́, ó ń fi owó iṣẹ́ rẹ̀ san án. Ó ń ran bàtà, ó ń tún aago ṣe kó lè rówó sí i. Ó fẹ́ Frances Henderson ní 1802, wọ́n bí Robert ní 1803, ìyàwó sì kú ní 1806. Lẹ́yìn náà ni ooru ẹ̀rọ jó bàbá rẹ̀ lójú, bàbá fọ́jú, George ló wá ń gbọ́ bùkátà gbogbo wọn. Ó rò ó títí kó sá lọ sí Amẹ́ríkà, owó ọkọ̀ ni kò sí.

Ní 1811, ẹ̀rọ tó ń fa omi ní ihò èédú kan ní Killingworth kọ̀, kò ṣiṣẹ́. George tú u palẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ omi ti gbẹ. Ni wọ́n bá fi í ṣe ọ̀gá ẹ̀rọ. Ó wá rówó rán Robert lọ síléèwé ní Newcastle. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti ilé lọ bíi tèmi ni Robert, ṣùgbọ́n kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni tiẹ̀ ń gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀kadà. Tó bá délé lálẹ́, bàbá á jókòó tì í, wọn á jọ ka ìwé náà.

Ní 1814, Stephenson ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi ooru omi gbígbóná rìn, Blücher lorúkọ rẹ̀. Ó fa ẹrù 30 tọ́ọ̀nù gun òkè díẹ̀, ó ń sáré máìlì 4 ní wákàtí kan. Ibi tí wàhálà ti wá bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ojú irin tó ń ru kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kò lè ru ẹ̀rọ. Irin tí wọ́n yọ́ tí wọ́n dà ni wọ́n ń lò nígbà náà, kò sì gùn ju bí ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Ẹ wo ìkòkò irin ìyá yín: tó bá já bọ́ lórí òkúta, ó lè là. Ṣùgbọ́n ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ fi òòlù rọ, títẹ̀ ló máa tẹ̀. Bákan náà ni irin ọ̀nà. Òkúta tí wọ́n gbé e lé á rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn òjò, orí irin kan á ga ju èkejì lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ á gbá a, gbàà, irin á kán.

Àwọn ọ̀gá yòókù, ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń wò. Stephenson gbà pé ẹ̀rọ àti ọ̀nà, ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n. Ní 1816, òun àti William Losh gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú irin tuntun kan: orí irin méjèèjì fẹnu gun ara wọn níbi tí wọ́n ti pàdé, irin tó gbé wọn dúró sì rí roboto lókè, kí òkúta tó bá rì má baà gbé irin sókè. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, á sanwó fún wọn.

Mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àtùpà. Ní 1815, ó ṣe àtùpà tí kì í jẹ́ kí gáàsì gbiná nínú ihò èédú, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wọ ibi tí gáàsì ti ń tú jáde láti dán an wò. Àwọn ará London ní ó jí ọgbọ́n Humphry Davy ni, torí wọn ò gbà pé ẹni tí kò kàwé lè ronú débẹ̀. Kò jí nǹkan kan.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ọ̀nà Stockton sí Darlington. Wọ́n pè é pé kó yan irin. Tó bá yan irin tòun àti Losh, owó ńlá á wọ àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n John Birkinshaw ti gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1820 lórí irin rírọ, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 15, tí kì í kán. Stephenson lọ wò ó, ó sì sọ fún àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un pé kí wọ́n ra ti Birkinshaw. Inú bí Losh, wọ́n sì pínyà. Irin rírọ yẹn ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà náà nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1825. Mo bi ara mi pé ta ni nínú wa ló máa dámọ̀ràn ọjà ẹlòmíì nígbà tí tirẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ dáhùn nínú ọkàn yín.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í ṣẹ̀sín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London. Èdè àríwá tó ń sọ kò dùn létí wọn, bí ìgbà tí ará Èkó bá gbọ́ tí a ń sọ Èkìtì. Wọ́n bi í pé bí màlúù bá dúró lójú irin ńkọ́. Ó ní ìyẹn á burú fún màlúù. Darandaran àtijọ́, ta ló tún máa mọ̀ ọ́n jù ú lọ?

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀, 15 oṣù kẹsàn-án 1830, tí wọ́n ṣí ọ̀nà Liverpool sí Manchester, ẹ̀jẹ̀ dà. Ọkọ̀ dúró gba omi, William Huskisson tó jẹ́ aṣòfin sọ̀kalẹ̀ sórí ojú irin, Rocket sì gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Stephenson fúnra rẹ̀ ló wa ẹ̀rọ mìíràn gbé e sáré wá ìtọ́jú, ó sì kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà tó di 1840 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yan àwọn tó ń yẹ ojú irin èrò wò. Ti àwọn ilé-iṣẹ́ èédú wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

George Stephenson kú ní Chesterfield ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1848, ó jẹ́ ẹni ọdún 67. Fífẹ̀ ojú irin Killingworth, ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íńṣì 8, ló gbé lọ síbi gbogbo tó ti ṣiṣẹ́, wọ́n kàn fi ààbọ̀ íńṣì kún un lẹ́yìn ni. Ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Kano kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íńṣì 6 ni. Ṣùgbọ́n èyí tó wà ní Ìtakpẹ́, ní Kogí tó múlé gbe Èkìtì, tí wọ́n ṣe torí irin tí wọ́n ń wà nílẹ̀ fún Àjàòkúta, ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íńṣì 8 àtààbọ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀.