Ladi Kwali, Ìyá Amọ̀kòkò

Ẹ̀yin ìyá wa, obìnrin amọ̀kòkò tí a ń rí lẹ́yìn owó ₦20 láti ọdún 2007, Ladi Kwali ni. Ilẹ̀ Gwari ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí 1925; ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ obìnrin ló ti kọ́ṣẹ́.

Ní 1954, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, Suleja òní. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó kọ́ bí a ṣe ń kun ìkòkò kí iná lè mú un dán bí tánganran. Síbẹ̀, kò fi ọwọ́ àwọn ìyá rẹ̀ sílẹ̀: ó ń yí ìkòkò po, ó ń fi amọ̀ lé amọ̀, ó ń ya alángbá àti àkekèé sí i lára.

Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977. Ó kú ní 1984. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi kọ́ ọmọ.