Joseph Proust àti Òṣùwọ̀n Tí Kì í Yẹ̀

Ọmọ apòògùn ni Joseph Proust, tí a bí ní Angers, ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1754. Ní ilẹ̀ Spéìn ni ó ti wọn kábọ́nétì bàbà, ìbáà ṣe èyí tí a wà nínú ilẹ̀ tàbí èyí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe: iye bàbà inú wọn kò yàtọ̀. Berthollet, ọ̀rẹ́ Napoleon, ta kò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni ńlá ni. Síbẹ̀ Proust kò bú u, ó ń wọn nǹkan lọ ni. Ogun Napoleon ni ó gba yàrá ìwádìí Madrid mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni àwa, ní kíláàsì kẹ́mísírì, fi mọ̀ pé omi gíráàmù 9 ní háídírójìn 1 àti ọ́síjìn 8. Gíráàmù 45 yóò ní ọ́síjìn 40. Ní Angers ni ó kú sí, ní 1826.