Ògèdèǹgbé Agbógungbórò: Ẹni tó kọ́ ọgbọ́n ogun Ìbàdàn, tó sì fi kojú Ìbàdàn

Orúkọ àdúgbò Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó ní Sùúrùlérè kò ṣàjèjì sí ará Èkó. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí pé àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti fi Èkó ṣe ibùgbé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kọjá níbẹ̀ ló mọ̀ pé, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ṣe gudugudu méje nínú ogun Kírìjí, ogun tó gbé orúkọ Ògèdèǹgbé ga.

Àtórin, nítòsí Iléṣà, ni wọ́n ti bí i. Ìnagijẹ ni Ògèdèǹgbé. Òrìṣàráyíbí ni orúkọ rẹ̀. Ní ìgbà èwe rẹ̀, Ìbàdàn ló ní agbára jù nílẹ̀ Yorùbá. Ajẹ́lẹ̀ wọn wà káàkiri ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ìtàn sọ pé ọmọ ogun Ìbàdàn mú un lẹ́rú, wọ́n sì kọ ilà Ìbàdàn sí i lójú. Bí wọ́n ṣe ń jagun kò fara sin fún un mọ́. Nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó padà sílé, ó sì di olórí ogun àwọn ará rẹ̀.

Ní ọdún 1870, Ìbàdàn kó Iléṣà. Ògèdèǹgbé kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó forí lé ọ̀nà Èkìtì àti Àkókó, ó sì tẹ̀dó sí Ìta-Ògbólú nítòsí Àkúrẹ́. Láti ibẹ̀ ló ti ń kọlu àwọn ìlú, tó sì ń kó èèyàn lẹ́rú. Apá yìí nínú ìtàn rẹ̀ kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni.

Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti àwọn aládùúgbò wọn para pọ̀, wọ́n pe àjọṣe wọn ní Ekìtìparapọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé kó wá ṣe balógun wọn. Kò tètè gbà, nítorí ó mọ ohun tí Ìbàdàn lè ṣe. Nígbà tó dé, àwọn tó ti fojú winá ọwọ́ rẹ̀ pàápàá tò sẹ́yìn rẹ̀, torí ẹni tó mọ ọ̀tá ni wọ́n ń wá.

Ìgbájọ ni Ìbàdàn pàgọ́ sí lábẹ́ Láàtọ́sà, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò. Ìmẹ̀sí-Ilé ni Ekìtìparapọ̀ wà. Ẹgbẹ́ Ekìtìparapọ̀ ní Èkó fi ìbọn tuntun tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí ránṣẹ́, nígbà tí púpọ̀ nínú ìbọn Ìbàdàn ṣì jẹ́ èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Ìró àgbá ló fún ogun náà lórúkọ. Láàtọ́sà kú sí ibùdó ogun ní 1885. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án, 1886, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, àwọn ìlú Ekìtìparapọ̀ sì bọ́ lábẹ́ Ìbàdàn.

Irú akọni bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ní ilẹ̀ Páṣíà, Nader lé àwọn Pashtun tó gba Isfahan jáde ní 1729. Nígbà tó di 1736, ó fi ara rẹ̀ jọba. Ògèdèǹgbé kò jẹ Ọwá. Òpin ogun kò sì rọrùn fún un: ní 1894, Captain Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, mú un nítorí ìkóni àwọn ọmọ ogun rẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Ó padà, ó jẹ oyè Ọbańlá ti Iléṣà ní 1898, ó sì papò dà ní 1910.

Ère rẹ̀ wà ní Iléṣà títí dòní. Ẹ̀kọ́ tó fi sílẹ̀ ni pé àwọn tó ti ṣẹ ara wọn lè para pọ̀ nígbà tí òmìnira bá di dandan.