Ògèdèǹgbé

Ògèdèǹgbé, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Òrìṣàráyíbí, tí a sì tún mọ̀ sí Agbógungbórò, jẹ́ jagunjagun ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òun ni olórí ogun Èkìtì Parapọ̀ nínú Ogun Kírìjì, èyí tí àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alájọṣe wọn bá Ìbàdàn jà. Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1910.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú Àtórìn, nítòsí Ìléṣà, ni a bí i sí. Nígbà èwe rẹ̀, Ìbàdàn ti di alágbára jùlọ láàárín àwọn ìlú Yorùbá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ́gun ìlú kan, àwọn ará Ìbàdàn a fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀ láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, kí ó sì máa ṣọ́ ọba àti àwọn ìjòyè. Ọ̀pọ̀ ajẹ́lẹ̀ ló jẹ́ aninilára.

Àwọn ará Ìbàdàn mú Ògèdèǹgbé lẹ́rú lójú ogun. Wọ́n kọ ilà sí i lójú, ó sì gbé láàárín wọn fún ìgbà kan. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí wọ́n ti ń tẹ́ ogun, bí wọ́n ti ń pàgọ́ àti bí olórí ogun ti ń kó ọmọ ogun jọ, kí ó tó padà sí ilẹ̀ rẹ̀.

Ìṣubú Ìléṣà

Ní ọdún 1870, lẹ́yìn tí Ìbàdàn ti dó ti Ìléṣà pẹ́ títí tí ebi fi ń pa ará ìlú, Ìléṣà ṣubú. Ògèdèǹgbé sá àsálà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ó sì fi Ìta-Ògbólú, nítòsí Àkúrẹ́, ṣe ibùdó. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń bá àwọn ìlú mìíràn jà, títí dé ìhà Àkókó. Ó kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú nínú àwọn ogun wọ̀nyí, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìlú ló ń rántí rẹ̀ bí olùdáǹdè.

Ogun Kírìjì

Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀ láti já àjàgà Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní Ìkirun nínú ogun tí a ń pè ní Jálumi. Síbẹ̀, ìṣọ̀kan náà kò tú. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé pé kí ó wá ṣe olórí. Kò tètè gbà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ púpọ̀ ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá, àṣẹ ogun sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Àárín àwọn òkè tó wà láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni àwọn ọmọ ogun méjèèjì dó sí. Ààrẹ Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni olórí ogun Ìbàdàn. Ìró ìbọn tó ń dún láàárín àwọn òkè yìí ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì.

Ìbọn Snider àti ọ̀nà omi

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń dá owó, wọ́n sì ń fi ìbọn Snider ránṣẹ́ sí ojú ogun. Ẹnu ni a ń gbà ki ẹ̀tù àti ọta sínú ìbọn ṣakabùlà, a ó sì fi ọ̀pá gún un kí a tó tún un yìn. Ìdí ni a ń gbà fi ọta sínú Snider, ẹ̀tù àti ọta sì wà pọ̀ nínú àpò kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín ní ìwọ̀n ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí ni kò jẹ́ kí pípọ̀ àti ìmọ̀ ogun Ìbàdàn borí Èkìtì Parapọ̀.

Ọ̀nà Oǹdó ni àwọn ìbọn náà gbà. Láti Èkó, ọkọ̀ a gba inú ọ̀sà lọ sí agbègbè Ìlàjẹ, tí Aráròmí wà lónìí, títí dé Àtìjẹ́rẹ́ àti Ayésàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Òde-Oǹdó àti Ìléṣà. Ní ọdún 1872 ni John Glover, tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, ti rán ọ̀gágun Goldsworthy láti ṣí ọ̀nà yìí fún òwò, nítorí pé Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú máa ń dí ọ̀nà tiwọn. Bí àwọn méjèèjì tún ti dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn lásìkò ogun, ọ̀nà omi ìhà Ìlàjẹ di orísun agbára fún Ògèdèǹgbé.

Àlàáfíà

Látòósà kú sí ibùdó ogun ní ọdún 1885. Ní ọdún 1886, nígbà tí Alfred Moloney jẹ́ gómìnà Èkó, àwọn àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ṣe alárinà láàárín àwọn méjèèjì. Ìwé àdéhùn náà gbà pé àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà yóò wà lómìnira, ṣùgbọ́n Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lọ́dọ̀ Ìbàdàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n dáná sun àwọn ibùdó Kírìjì. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun kò tú ká pátápátá títí di ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Gilbert Carter dá sí i.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé kò ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń yọ àwọn ará ìlú lẹ́nu. Ní ọdún 1894, ọ̀gágun Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, mú un, ó sì fi í sí àhámọ́ ní Ìwó. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó padà sí Ìléṣà, ó sì jẹ oyè Ọbańlá ní ọdún 1898. Oyè yìí ló wà lórí rẹ̀ títí tó fi kú.

Ère rẹ̀ wà ní Ìléṣà títí di òní. Ogun tó léwájú rẹ̀ mú àṣẹ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn kúrò lórí ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ṣùgbọ́n òmìnira tí àwọn ìlú náà gbà kò pẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí kí ọ̀rúndún náà tó parí, wọ́n ti bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.